Irin Tó Ń Kúnlẹ̀

Kí n tó dé Ṣakí, mo ti mọ̀ pé òmùgọ̀ wà láyé. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé wọ́n lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìlú kan ṣoṣo, kí wọ́n sì tún mọ ara wọn kí dáadáa láràárọ̀.

Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n bí mi sí, lẹ́bàá ojú irin rélùwéè, ní ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣe olórí rẹ̀ nígbà náà. Yorùbá ni bàbá mi, Yorùbá ni ìyá mi fi ń bú mi láti kékeré. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kọjá ibodè tí mo dé Ṣakí, mo kí ọkùnrin kan tó jókòó síwájú ilé rẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Kútọnu, ta ló kọ́ ọ ní èdè wa?" Mi ò tíì fojú kan Kútọnu rí nígbà yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ṣe lẹ̀ mọ́ mi. Ọdún méje ni mo fi jẹ́ Kútọnu láàárín àwọn ènìyàn tí ìmọ̀ wọn nípa ayé kò kọjá ọjà Ìsẹ́yìn.

Náírà ló gbé mi wá, mi ò ní purọ́. Láyé ìgbà yẹn, bí ọmọ wa kan bá lọ ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà fún ẹ̀ẹ̀rùn kan péré, rédíò á wà léjìká rẹ̀ nígbà tó bá ń padà bọ̀. Èmi ti kọ́ iṣẹ́ irin nílé iṣẹ́ rélùwéè. Mo mọ ayùn, mo mọ fáìlì tí a fi ń ha irin, mo lè fi ìka mọ irin tó wọ́ tí ojú ò lè rí i. Mo ní màá lo ọdún méjì, màá ra rédíò tèmi, màá padà.

Búrẹ́dì ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Ìlú àgbẹ̀ ni Ṣakí. Iṣu wọn tóbi ju itan ènìyàn lọ, ọkà bàbà wọn sì ga débi pé ẹlẹ́ṣin lè sá pamọ́ sínú rẹ̀. Síbẹ̀, búrẹ́dì ni wọ́n fi ń ṣe àlejò, ìrẹsì inú àpò tó ti òkè òkun wá ni wọ́n fi ń ṣọdún. Ẹni tó bí ọmọ mẹ́jọ kò ní ẹyọ kan lóko. Gbogbo wọn ti bá ti Ìbàdàn àti Èkó lọ. Epo rọ̀bì ń ru jáde níbì kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò dé rí, àwọn bàbá arúgbó tó wà ní Ṣakí wá ń rìn bí ẹni pé àwọn ni wọ́n gbẹ́ kànga rẹ̀. Mo kọ́kọ́ ń fi wọ́n ṣẹ̀sín nínú ọkàn mi. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣẹ̀sín lójú wọn.

Baba Ràfíù ló gbà mí sílé. Olórí agboolé kan ni, lójú ọ̀nà tó lọ sí ìlú Ìràwọ̀. Ó ti lọ Mẹ́kà lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ bí ẹni tó dé láàárọ̀ yìí. Ó ní katakata kan tó fi ń bá àwọn àgbẹ̀ túlẹ̀. Èmi ni mo di awakọ̀ katakata náà, èmi ni mẹkáníìkì rẹ̀, èmi náà sì ni wọ́n ń bú bí kò bá jí láàárọ̀. Yàrá tí wọ́n fún mi wà lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń so àgbò mọ́. Lọ́dún Iléyá, wọ́n pa àgbò, wọ́n fi èmi sílẹ̀.

Ẹ má rò pé wọ́n fi ìyà jẹ mí o. Wọn ò fìyà jẹ mí. Obìnrin ilé máa ń bu oúnjẹ ránṣẹ́ sí mi, ọbẹ̀ tó jẹ́ pé ata nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe nínú rẹ̀. Lèmọ́mù náà kí mi dáadáa, ó bi mí bóyá àwa ará Kútọnu máa ń kírun. Mo ní rárá o, orí la fi ń rìn. Ó ronú sí i fún ìgbà díẹ̀ kó tó mọ̀ pé mò ń bú òun. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sí ẹni tó ń bínú sí mi. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Kútọnu mà lẹ́nu o," wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, bí gbogbo agboolé bá jókòó tí wọ́n ń dá àpárá nípa ẹni tó ti kú lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn, èmi nìkan ni mi ò ní mọ ìdí tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín. Màá wọlé, màá tan rédíò mi. Mo ti rà á nígbà yẹn. Kò wúlò tó bí mo ṣe rò.

Ọdún kẹta ni mo lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ọmọdé Ṣábẹ̀ẹ́ sá tẹ̀lé mi lójú ọ̀nà, wọ́n ń pè mí ní Nàìjíríà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bi mí bóyá òótọ́ ni pé ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà ń jalè tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin! Mo padà sí Ṣakí kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, inú sì ń bí mi sí ìlú méjèèjì lọ́gbọọgba.

Nínú gbogbo ìwà wọn, ọ̀rọ̀ igi ló burú jù lójú mi. Àlejò lè roko lórí ilẹ̀ wọn. Ó lè gbin iṣu, kó gbin àgbàdo, kó gbin ẹ̀gẹ́. Tó bá kórè, á mú díẹ̀ lọ fún onílẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbin igi. Iṣu á parí láàárín ọdún kan, igi á dúró títí di ayé ọmọ ọmọ, ẹni tó bá sì gbin igi ti ní ilẹ̀ nìyẹn. Kódà igi emi tí wọ́n fi ń ṣe òrí àti igi igbá tí wọ́n fi ń ṣe irú, tó hù fúnra rẹ̀ láàárín oko rẹ, kì í ṣe tìrẹ. Onílẹ̀ ló máa wá ká a, ìwọ á sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wàá kí i kú iṣẹ́.

Mo fẹ́ gbin kajú. Mo ti rí i ní Ìwéré-Ilé, bó ṣe tò lọ ní ẹsẹẹsẹ, tí ẹni tó ni ín jókòó sábẹ́ rẹ̀. Mi ò lè sọ ìgbà gan-an tó wọ̀ mí lọ́kàn, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọdún kẹrin, òun ni mò ń rò bí mo bá jókòó sórí katakata. Mo bèèrè lọ́wọ́ Baba Ràfíù. Ó fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Kútọnu, igi kì í ṣe iṣu." Bí ẹni pé èmi ni mo sọ pé iṣu ni.

Lọ́dún kẹfà, ìyá mi ránṣẹ́ nípasẹ̀ awakọ̀ kan pé òun fẹ́ gbọ́ ohùn mi. A mú ọjọ́ kan. Òun á lọ dúró ní ọ́fíìsì ọ̀gá rélùwéè, èmi á lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ṣakí. Ọkùnrin tó ń bójú tó tẹlifóònù ṣàlàyé fún mi, pẹ̀lú ìgbéraga, pé ohùn mi á kọ́kọ́ lọ sí Èkó, á ti ibẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, á ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Párísì, kó tó wá já sí Kútọnu, kó tó wá ìyá mi lọ. Ṣábẹ̀ẹ́ nìyí tí mo lè fi kẹ̀kẹ́ dé láàárín ọjọ́ méjì. Ẹni tó bá ní òyìnbó gbọ́n kó wá ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Mo dúró láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ kí wọ́n tó pè mí. Ìkíni ló jẹ ìdajì àkókò náà. Ìyá mi kì í kánjú kí ènìyàn, ì báà jẹ́ pé Párísì ń dúró. Lẹ́yìn náà ó bi mí ilé ta ni mò ń gbé. Mo ní ilé onílé ni. Ó bi mí kí ni mo ní níbẹ̀. Mo ní mo ní yàrá kan àti rédíò.

"Ọmọ mi," ó ní, "bí o bá ń bọ̀, máa bọ̀. Bí o bá jókòó, jókòó. Ọdún mẹ́fà ti pọ̀ jù fún ìbẹ̀wò."

Inú bí mi títí mo fi délé. Mo bú ọkùnrin tẹlifóònù, mo bú àgbò tuntun tí wọ́n so sẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá mi. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni ìyá mi sọ.

Òpin ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó tẹ̀lé e ni irin ìtúlẹ̀ Baba Ràfíù kán. Orí Oko Kùkùté ló kán sí. Ilẹ̀ ńlá kan tó jẹ́ ti agboolé náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tó dára tó sì dúdú, ṣùgbọ́n kùkùté àti gbòǹgbò igi ayé àtijọ́ kún inú rẹ̀. Wọ́n ti fi iná sun ún, wọ́n ti fi àáké lé e, gbòǹgbò ò gbọ́. Katakata mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti fi irin ìtúlẹ̀ rẹ̀ ṣòfò níbẹ̀ kí n tó dé, Baba Ràfíù sì fi tirẹ̀ ṣe ìkẹrin nítorí pé ẹnì kan ní Mẹ́kà sọ fún un pé sùúrù ló lérè. Ó rán mi lọ sí Ìsẹ́yìn kí n lọ wá irin mìíràn bọ̀.

Ní Ìsẹ́yìn, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta irin àlòkù, mo rí i. Irin ìtúlẹ̀ kan ni, abọ́ irin mẹ́rin tó tò tẹ̀ léra lórí igi irin gígùn kan. Ọ̀kan nínú abọ́ náà ti là. Koríko ti gba àárín rẹ̀ kọjá, aláǹgbá ń gbé inú páìpù rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní kí n gbé e lọ fún àwọn alágbẹ̀dẹ, kí wọ́n fi rọ ọkọ́. Mo mú òòlù, mo kàn án láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Irin tó bá sán máa ń dún bí ìkòkò tó là. Eléyìí dún gbọnrangandan, àfi ibì kan ṣoṣo tí ohùn rẹ̀ kú. Ó nípọn ní ìlọ́po méjì ti Baba Ràfíù. Owó tí mo fi pamọ́ de ìrìn-àjò ilé ni mo fi rà á, fún ara mi, kì í ṣe fún Baba.

Gbogbo àdúgbò ló jáde wò ó nígbà tí lọ́rì já a sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ẹnì kan fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, iwájú mọ́sálásí kún, wọ́n ṣì ń sọ ọ́. Mo bínú. Mo sọ fún wọn pé irin yìí á tú Oko Kùkùté níbi tí tiwọn ti kú sí. Baba Ràfíù rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń wo àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n lè rí i pé òun náà mọ àpárá í dá.

"Bó bá tú u láìkán, kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀," ó ní, "máa mú ìlàjì ilẹ̀ náà. Gbin ohun tó bá wù ọ́ sí i. Gbin kajú."

Ariwo ẹ̀rín sọ. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo bi Lèmọ́mù bóyá ó gbọ́. Ó ní òun gbọ́.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ ohun tí mo rà. Àwo tí wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹ̀rọ sí ti já lára rẹ̀, ihò bóòtù méjì ló kù. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á. Ọ̀dà àwọ̀ búlúù ló kọ́kọ́ jáde, pupa wà lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ ewé wà lábẹ́ pupa, èyí tó fi hàn pé ó kéré tán, òmùgọ̀ mẹ́ta ló ti ni ín. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ wá wò ó. Ó fi bàtà rẹ̀ tì í, ó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, pé òun mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ló tún padà wá, ó ní Amẹ́ríkà ni. Mo ha abẹ́ igi irin náà títí mo fi kan lẹ́tà tó yọ sókè, orúkọ ìlú kan tí ìpẹtà ti jẹ ìdajì rẹ̀. Mo kọ ọ́ sórí bébà, mo gbé e lọ fún tíṣà kan tó ní ìwé àwòrán ilẹ̀ ayé. Ó wá a títí. Ọsirélíà ni ìlú náà wà. Ó ní ibẹ̀ jìnnà ju ibi gbogbo lọ, àti pé inú igbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ni àwọn òyìnbó ibẹ̀ ti ń dáko, kùkùté sì pọ̀ níbẹ̀.

Mo padà sídìí irin náà, mo jókòó tì í. Bí ibẹ̀ bá ní kùkùté, wọ́n á ti wá nǹkan ṣe sí kùkùté. Mo wò ó fún ọjọ́ méjì, mi ò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹta ni ìka mi bọ́ sínú ihò kékeré kan, lókè apá tó di abọ́ kọ̀ọ̀kan mú. Ẹrọ̀fọ̀ ti dí i. Mo fi ìṣó gbẹ́ ẹ, gírísì tó ti gbẹ ló jáde. Gírísì! Irin tí kì í yí, tí kì í mì, kí ló fẹ́ fi gírísì ṣe? Apá mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ihò gírísì mẹ́rin, wọ́n sì ti fi iná lẹ apá kọ̀ọ̀kan pa mọ́ igi irin náà pinpin. Orúnkún ni ibẹ̀. Wọ́n ṣe é kí abọ́ tó bá kọlu gbòǹgbò lè ká sẹ́yìn, kó gun orí rẹ̀ kọjá, kí sípíríngì tún tì í padà sínú ilẹ̀. Ẹnì kan ti jó orúnkún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa.

Mi ò ní láti wá ẹni náà jìnnà. Bí ènìyàn bá mọ bí ẹnì kan ṣe ń kọ̀wé, kò ní ṣì í mọ̀. Ojú iná wẹ́dà tó gun ara wọn kúlúkúlú bí ìgbẹ́ ewúrẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ló ń jó irin bẹ́ẹ̀ láti Ṣakí dé Ìràwọ̀. Mùfútáù ni, ọmọ àbúrò Baba Ràfíù. Iwájú agboolé wa gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ó fi ọdún márùn-ún jù mí lọ, ó yẹ kí n máa pè é ní ẹ̀gbọ́n. Wẹ́dà ni mo ń pè é.

Mo mú un wá síbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé e. Mùfútáù mọ irin náà lójú ẹsẹ̀. Ó ní àgbẹ̀ ńlá kan láti Ìràwọ̀ ló gbé e wá ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, pé ó ní kí òun mú un le.

"Ó ń kúnlẹ̀," Mùfútáù ní. "Bó bá ti rí gbòǹgbò, á kúnlẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Kò sí àgbẹ̀ tó ń fi ọkọ́ tó ń mì roko. Mo bá a dì í."

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n. Ọkọ́ tí irin rẹ̀ bá ń mì nínú ọrùn igi, ìtìjú ni lọ́wọ́ àgbẹ̀. Wọ́n wá fi òfin ọkọ́ dá irin òyìnbó lẹ́jọ́. Nígbà tí kò lè kúnlẹ̀ mọ́, ó kọlu kùkùté, ara rẹ̀ sán, abọ́ rẹ̀ là, wọ́n ní kò dára, wọ́n gbé e tà. Mo bi í sípíríngì rẹ̀ ńkọ́. Ó ní òun ti fi wọ́n ṣe ilẹ̀kùn. Mo pè é ní ọ̀bọ. Mo ní bó bá rí orúnkún ìyá rẹ̀ tó ń ká, ṣé ó máa jó o pa náà ni. Mo pè é ní "ìwọ" níwájú ìyàwó rẹ̀, àwọn tó ń kọjá sì dúró gbọ́. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Mi ò mọ̀," ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Mi ò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Mo fi ayùn irin gé ojú iná náà fúnra mi. Mo lo ọjọ́ mọ́kànlá, ayùn ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo ṣẹ́. Mo da kẹrosíìnì sí oríkèé, mo fi iná mú un gbóná, mo fi òòlù rọra kàn án, ilẹ̀ á mọ́, màá tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí orúnkún àkọ́kọ́ mì, mo jókòó mo sì ń tì í síwá sẹ́yìn bí ọmọdé tó rí nǹkan ìṣeré. Mo fẹ́ fi han ẹnì kan. Kò sí ẹni tí mi ò tíì bú, nítorí náà mo fi han ara mi. Ká sọ tòótọ́, ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ó máa dùn mí gan-an bí Baba Ràfíù bá dà mí. Mi ò fẹ́ rédíò mọ́, mi ò fẹ́ náírà, mo fẹ́ kí igi mi wà nínú ilẹ̀ àwọn òmùgọ̀ wọ̀nyí.

Inú mọ́tò àlòkù ni mo ti yọ sípíríngì, mo gé wọn, mo wọ̀n wọ́n, mo tún gé wọn. Ṣùgbọ́n ibi tí ohùn irin ti kú lọ́jọ́ kìíní, ó sán níbẹ̀ lóòótọ́, ayùn ò sì lè ran ibi tó sán àti abọ́ tó là lọ́wọ́. Mùfútáù nìkan ló ní jẹnẹrétọ̀ àti iná wẹ́dà. Mo lọ bá a. Mi ò bẹ̀ ẹ́, mo kàn sọ fún un pé kó wá ṣe ìwọ̀nba tí ọ̀bọ lè ṣe. Ó gbé iná rẹ̀ wá. Mo dúró lé e lórí, mo ń sọ ibi tí ó máa gbà, mo ní kó dín iná kù, mo ní kó má kánjú, mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹta dára. Mo sọ fún un pé kò burú jù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ká wáyà rẹ̀ nílẹ̀, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ilẹ̀ rọ̀. Mo so irin náà mọ́ katakata Baba Ràfíù, mo wakọ̀ lọ sí Oko Kùkùté. Gbogbo wọn tẹ̀lé mi, wọ́n gbé àga wá, ẹnì kan tiẹ̀ gbé ẹ̀kọ àti àkàrà dání. Abọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlẹ̀. Poro dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lẹ́yìn mi. Ẹsẹ̀ bíi ogún ni mo rìn kí n tó kan gbòǹgbò àkọ́kọ́. Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i. Abọ́ kejì ká sẹ́yìn, ó gun orí gbòǹgbò náà, ó bọ́ sílẹ̀ ní òdìkejì, ó tún ń jẹ ilẹ̀ lọ. Ẹ̀rín àwọn ènìyàn dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà abọ́ kẹta kúnlẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ìkẹrin. Mo yí igi emi po, mo yí igi igbá po, mi ò fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tú u tán. Kò sí ohun tó kán.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀rọ̀ ò parí. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ti di ilẹ̀ tí gbogbo ènìyàn fẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Baba Ràfíù pe àwọn àgbà agboolé jọ sábẹ́ igi ìṣín tó wà láàárín ilé, wọ́n sì pe èmi náà. Wọ́n kí mi kú iṣẹ́ títí ó fi sú mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ní ilẹ̀ ìdílé kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, Baba ò lè dá a fúnni. Ẹlòmíràn ní kí n máa gbin iṣu síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, láìmú nǹkan kan wá fún onílẹ̀, pé àǹfààní ńlá nìyẹn fún àlejò. Ẹ̀kẹta ní bí àwọn bá jẹ́ kí Kútọnu gbin igi lónìí, kí ni àwọn máa sọ fún àwọn àlejò Àgàtú lọ́la? Baba Ràfíù kò wo ojú mi. Ó ní àpárá lòun dá lọ́jọ́ náà, pé gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé àpárá ni. Mo wo Lèmọ́mù. Lèmọ́mù ní lóòótọ́ òun gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n òun gbọ́ ẹ̀rín náà pẹ̀lú rẹ̀.

Ojú mi ṣú. Mo ti ń ro bí màá ṣe di ẹrù mi. Ìgbà náà ni Mùfútáù dìde. Ẹ̀yìn ló jókòó sí pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́. Mo ní ó ti tán, ẹni tí mo pè ní ọ̀bọ ti rí ọjọ́ ẹ̀san. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó dìde.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ fún mi láyè," ó ní. "Àlejò mélòó ló ti gbé inú agboolé yìí? Àgàtú gbé e, Bàrìbá gbé e. Èwo nínú wọn ló bú wa rí? Àlejò máa ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ọbẹ̀ ò ní dùn, á ní ó dùn. Eléyìí pe èmi ní ọ̀bọ lójú ìyàwó mi. Ó ní Mẹ́kà tí Baba lọ kò ràn án. Ó fi Lèmọ́mù ṣẹ̀sín. Láti ọdún tó ti dé ló ti ń bú wa, kò sinmi ọjọ́ kan, kò sì lọ. Ọmọ ilé nìkan ló ń bú ilé báyìí. Bó bá jẹ́ àlejò ni, ẹ lé e lọ lónìí nítorí ẹnu rẹ̀. Bí ẹ ò bá lè lé e, ẹ jẹ́ kó gbin igi rẹ̀."

Ìyá àgbà kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀, ẹ̀rín náà sì ràn kiri. Wọ́n ń wo ara wọn. Mo rí i pé kò sí ẹnì kan nínú wọn tó lè la ẹnu kó ní kí wọ́n lé mi. Baba Ràfíù gbé ojú sókè nígbẹ̀yìn, ó wò mí, ó ní, "Kí lo fẹ́ sọ sí i?"

Mo la ẹnu láti dá a lóhùn, ẹkún ló jáde. Mi ò sunkún rí láti ọjọ́ tí mo ti kúrò ní Ṣábẹ̀ẹ́. Mo ń sunkún, mo sì ń sọ fún wọn pé ọdún méje ni wọ́n fi ronú ohun tí ewúrẹ́ lè rò láàárọ̀ kan, pé àwọn àgbà tó ń jẹ ọ̀rọ̀ wọn ni wọ́n, pé wẹ́dà tí kò mọ orúnkún yàtọ̀ sí ìgbọ̀nwọ́ ló wá gbọ́n jù láàárín wọn, ojú ò ti ẹnikẹ́ni. Baba Ràfíù na ọwọ́ sí ọ̀nà oko. Wọ́n ti ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti lọ fẹsẹ̀ wọn ìdajì ilẹ̀ náà fún mi, mi ò sì tíì bú wọn tán.